Jọ́ọ̀sì ti sú wa: Lọ́kọ́jà, Pọtakọ́ọ̀tù, Kánò, àbí ká kúkú padà sí Kàbà?

ÌyáTóbi (ọjọ́ Ajé, 9:12 àárọ̀)

Òkun o, gbogbo ilé, bí a ṣe ń kíni nílé wa. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kó tó di ìjà láàárín èmi àti bàbá Tóbi.

Ọmọ Ìyàrá ni mí, ọkọ mi jẹ́ ọmọ Mọ́pà, ní Kogí. Ọdún kẹjọ wa rèé ní Jọ́ọ̀sì. Ilé iṣẹ́ ọkọ mi fẹ́ ti ẹ̀ka tó wà níbí pa, wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: Lọ́kọ́jà, Pọtakọ́ọ̀tù, tàbí Kánò. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún un. Èmi ń rò ó pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ká padà sí Kàbà. Màmá mi ń gbé níbẹ̀, aṣọ ni mo ń rán, kò síbi tí mi ò lè gbé máṣíìnì mi lọ. Ọkọ mi ní kí n má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú. Àkọ́kọ́ ni ọmọ. Tóbi ti pé ọdún mẹ́fà, ó ní ásímà. Òtútù Jọ́ọ̀sì kò burú tó bí wọ́n ṣe máa ń ròyìn rẹ̀, súwẹ́tà àti búláńkẹ́ẹ̀tì ti yanjú ìyẹn. Eruku ọyẹ́ ló ń fojú wa rí màbo. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, bí mo bá nu tábìlì láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán mo lè fi ìka kọ orúkọ mi sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì la sùn sí ọsibítù lọ́yẹ́ tó kọjá.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn. Mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn aládùúgbò wa, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìjà ẹ̀sìn àti ẹ̀yà ọdún 2001 àti ti 2008 ti pín ìlú yìí, kí èèyàn tó gba ilé, ó ní láti mọ ẹ̀gbẹ́ tí òpópónà náà wà. Níbí, Yorùbá ni wọ́n ń pè wá. Tí a bá dé Èkó, wọ́n á ní ará òkè Ọya ni wá. Mo fẹ́ ibi tí mo ti lè sùn, kí n jí, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ọmọ ibo ni mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé àwọn ìlú yìí, báwo ni ojú ọjọ́ wọn? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe sí àlejò?

Ọ̀dọ́Owé (9:40 àárọ̀)

Àǹtí mi, kí lẹ tún ń wò? Ẹ máa bọ̀ nílé! Òkè yí Kàbà ká, ilẹ̀ wa tutù, atẹ́gùn wa mọ́ lóló. Kò sí eruku, kò sí èéfín. Owó ilé ò tó ti Lọ́kọ́jà rárá. Iṣu ń bẹ, kájú ń bẹ, màmá yín á bá yín wo Tóbi. Ẹni tó bá nílé tó ń gbé inú ooru, òun ló wù.

Ọdún11NíLọ́kọ́jà (11:05 àárọ̀)

Ẹ kú làálàá, ìyá Tóbi. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá síbí, orúkọ mi lókè yẹn sì ti sọ iye ọdún tí mo ti lò.

Lọ́kọ́jà gbóná. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Jọ́ọ̀sì kò tíì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Jọ́ọ̀sì ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà. Ní ti Lọ́kọ́jà, etí Ọya níbi tí òun àti Bẹ́núé ti pàdé ló jókòó sí, ní kòtò, Òkè Patti sì dúró tì í lẹ́yìn. Ooru ibòmíràn ń bá oòrùn wọ̀, tiwa kì í wọ̀. Ògiri á mu ún lọ́sàn-án, á sì máa mí in sí yín lára títí di aago méjì òru. Oṣù Kẹta àti Kẹrin ló le jù. Nígbà yẹn, inú àgbàlá la ń tẹ́ ẹní sí, ẹ̀fọn ló kù tí a ń bá jà. Àwọn òyìnbó ayé Lugard náà mọ̀ ọ́n, orí Òkè Patti ni wọ́n kọ́ ilé ìsinmi wọn sí.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń wá ilé, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè iye rẹ̀. Ẹ gbójú sókè. Bí kò bá sí sílìn lábẹ́ páànù, ẹ yí padà. Fèrèsé gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì yàrá, kí atẹ́gùn wọlé kó sì ríbi jáde. Ẹ́ẹ́sì dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti iná mànàmáná lẹ jọ máa sọ ọ́.

Omi ni ìkejì. Lọ́dún 2012 àti 2022, omi wọ ilé àwọn èèyàn ní Àdánkọ́lọ́ àti ní ọ̀nà Gánájà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó ẹrù. Lọ́dún 2022, omi gé ọ̀nà Àbújá, ọkọ̀ àjàgbé tò lọ rẹrẹ. Omi náà kì í bá òjò wa wá. Òjò lè má rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ní Lọ́kọ́jà, kí odò kún, nítorí ohun tó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún ló ń ṣàn bọ̀. Oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ni kí ẹ fura. Lókóńgómà ga, mo gbé ibẹ̀, omi kò dé ọ̀dọ̀ mi rí.

Àwọn èèyàn ńkọ́? Ìlú àdàlù ni. Ọ̀wọ̀rọ̀, Núpè, Ígálà, Ẹ̀bìrà, Bàsà, Haúsá, àwa náà. (Ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ má bi mí, mi ò fẹ́ ẹjọ́.) Kò sẹ́ni tó máa pè yín ní àlejò torí Kogí lẹ ti wá. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi yín ní ìbéèrè kan lọ́nà mìíràn: “Ṣé West, Central, àbí East?” Ẹkùn ìṣèlú mẹ́ta tí Kogí pín sí nìyẹn. Ní ọ́fíìsì ìjọba, ìdáhùn yín lè mú kí fáìlì yín yára tàbí kó jókòó. Ní ọjà àti lójúlé, kò sẹ́ni tó bìkítà.

ỌmọÌsánlú (12:31 ọ̀sán)

Ọdún méje ni mo lò ní Pọtakọ́ọ̀tù, 2014 sí 2021. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹ gbàgbé ohun tí a mọ̀ nílé sí ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò ìlú yẹn ń kọjá 2,000 mìlímítà lọ́dún, ti Kàbà ò sún mọ́ ọn. Ọyẹ́ wọn kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ẹni tó ń sá fún eruku lè rò pé òun ti bọ́. Ẹ dúró ná. Bàtà aláwọ mi tí mo fi sábẹ́ ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bu, ó funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i. Kóòtù ìgbéyàwó mi bu. Ìwé ẹ̀rí bu. Igun ògiri dúdú, a kùn ún, ó tún dúdú. Nǹkan tó ń bu yẹn wà nínú atẹ́gùn tí ọmọ ń mí.

Èyí tó wá burú jù ni èéfín dúdú. Láti nǹkan bíi 2016 ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì nínú igbó ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú pálọ̀ láàárọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ yín á dà bí ti ẹni tó ń ta èédú. Ẹ fi ìka re imú, ó dúdú. Bóyá ó ti dín kù, èmi ò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ọmọ alásímà lọ síbẹ̀.

Ní ti èèyàn, mo fẹ́ràn wọn. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ sínú fẹ́rìn-ín sí ni lójú. Tí o bá ṣẹ̀ wọ́n, lójú ẹsẹ̀ ni wàá gbọ́ ọ ní pijin, gbogbo kọ̀ḿpáǹdì á gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ti jọ ń jẹ bọ́ólì àti ẹja. Ohun kan ṣoṣo ni pé nítorí mo sọ pé Kogí ni mo ti wá, “Màlámù” ni wọ́n ń pè mí títí mo fi kúrò. Bàbá mi jẹ́ pásítọ̀ ECWA! Mo ṣàlàyé títí ó sú mi, mo wá ń dáhùn.

Ìkíni ni kò mọ́ mi lára. Ọmọ kékeré á dúró ṣánṣán, á ní “How far?” Ọmọ tèmi náà kọ́ ọ. Ọjọ́ tó sọ ọ́ fún ìyá mi ní Ìsánlú, ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Nọ́ọ̀sìTiẸ̀gbẹ̀ (2:18 ọ̀sán)

Ìyá Tóbi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo máa sọ.

Ọ̀dọ́Owé, àbúrò mi, ta ló sọ fún ọ pé kò sí èéfín ní Kàbà? Níbo lo máa ń wà ní oṣù Kìíní? Tí ọyẹ́ bá ti gbẹ koríko tán, àwọn ọdẹ ń dáná sun igbó, àgbẹ̀ ń sun oko, àwọn Fúlàní náà ń sun ún kí koríko tútù lè hù. Láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Bùnú, gbogbo ojú ọ̀run ló ń ṣú. Eérú á máa bọ́ sórí aṣọ tí a sá. Àwọn tó ń sun èédú tà tún wà. Ní àsìkò yẹn, àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ wa tí àyà wọn ń dún fíìn, wọn kò kéré. Ọyẹ́ náà ń dé ọ̀dọ̀ wa. Láti apá Ṣáàdì nínú aṣálẹ̀ ni eruku yẹn ti ń gbéra, kì í bi Kàbà kó tó kọjá. Ó kàn jẹ́ pé tiwa kì í pọ̀ tó ti Jọ́ọ̀sì, kì í sì í pẹ́ tó ti Kánò.

Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ wo inú ilé yín náà. Mo mọ àwọn ará Jọ́ọ̀sì: tí òtútù bá mú, wọ́n á gbé ìkòkò èédú wọ yàrá, wọ́n á tilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe é mọ́, ìyẹn lè pa odindi ìdílé lójú oorun, ká má tíì sọ ti ásímà. Kọ́ìlì ẹ̀fọn ńkọ́? Tí ẹ bá dé Lọ́kọ́jà, ẹ̀fọn á pọ̀, wọ́n á ní kí ẹ tan kọ́ìlì. Nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ta.

Ìbéèrè kan: ṣé ínhélà kan ni Tóbi ń lò àbí méjì? Oríṣi kan wà fún ìgbà tí ó bá ń ṣe é lọ́wọ́, búlúù ló sábà máa ń jẹ́. Ìkejì wà tí dókítà máa ń ní kí wọ́n lò lójoojúmọ́, bí ara ọmọ tiẹ̀ yá, kó má baà ṣe é rárá. Ọ̀pọ̀ òbí ń lo ti búlúù nìkan, ọsibítù ni wọ́n ń bá ara wọn. Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó kúrò ní Jọ́ọ̀sì, kí ẹ sì ní kó fún yín ní ike gbọọrọ tí wọ́n ń ki ínhélà bọ̀, torí ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ bí a ṣe ń fa oògùn yẹn. Púpọ̀ nínú oògùn náà ló ń kù sórí ahọ́n rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju ìlú tí ẹ bá mú lọ.

Kẹ́miKálígárì (5:50 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, níbí ṣì jẹ́ àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé òkè òkun ni ọ̀nà àbáyọ. Ọmọ tèmi náà ní ásímà. Kálígárì ní Kánádà la wà. Òtútù 30 sísàlẹ̀ òdo a máa gé èémí rẹ̀, ìbòmú ló ń fi lọ síléèwé. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Chinook, tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Rockies. Láàárín wákàtí díẹ̀, yìnyín á máa yọ́, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn kan. Tí ìgbà ooru bá dé, igbó ń jó, èéfín á bo ìlú. Nọ́ọ̀sì, tí mo ka tiyín, mo rẹ́rìn-ín. Igbó ń jó ní Bùnú, igbó ń jó níbí.

Àwọn èèyàn? Aládùúgbò mi ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ọdún mẹ́rin. Mi ò tíì mọ bí inú ilé rẹ̀ ṣe rí. Èèyàn kì í kàn wá kí ni, á kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ ó mú ọjọ́. Nígbà tí mo bímọ, oúnjẹ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lóòótọ́, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹ aago, wọ́n lọ. Mo sunkún. Kì í ṣe pé wọ́n burú, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnni nìyẹn.

ỌmọÌsánlú (6:02 ìrọ̀lẹ́)

Àǹtí Kẹ́mi, Lọ́kọ́jà la ń lọ, ẹ ti gbé wa wọ bàálù 😂

ÀgbàÌjùmú (8:25 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń kà á láti ọ̀sán. Olùkọ́ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo rí i pé gbogbo yín ń sá fún Kánò, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ̀rọ̀ rere kan nípa rẹ̀.

Mo gbé Kánò ju ọdún méjìlá lọ. Ibẹ̀ ni mo wà ní 1991 tí wọ́n gé wa kúrò lára Kwárà tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Ìlọrin ni olú-ìlú wa, ibẹ̀ la ti ń gba gbogbo ìwé. Ooru Kánò le, mi ò jiyàn. Nínú oṣù Kẹrin, ó lè kọjá 40. Ṣùgbọ́n ooru gbígbẹ ni. Tí o bá sá aṣọ kan, kí o tó sá èkejì tán, àkọ́kọ́ ti gbẹ. Òógùn kì í dúró sí ọ lára. Tó bá di òru, ìsinmi á dé. Ooru Lọ́kọ́jà tí mo wá bá lẹ́yìn náà, ṣe ni ó dà bíi kí wọ́n fi aṣọ tútù di ọ́ lójú.

Sábọ̀n-Gàrí ni mo gbé, àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò láti ayé àwọn òyìnbó. Bayarabe ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe èébú, ohun tí wọ́n ń pe Yorùbá nìyẹn. Mo gbọ́ Haúsá, torí pé nígbà tí ilẹ̀ wa wà lábẹ́ Àríwá, Ẹkùn Kàbà ni wọ́n ń pè wá, ọ̀pọ̀ àgbà wa gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo bá kí ọlọ́jà ní èdè rẹ̀ tí mo bèèrè ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iye ọjà á já wálẹ̀. Kò sí ẹ̀yà tó mọ ìkíni bí i tiwọn, àfi àwa.

Ìyá Tóbi, o ní wọ́n ń pè yín ní ará òkè Ọya ní Èkó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó sọ afárá Ọya tí mo ń gùn kọjá tí mo bá ń bọ̀ láti Ìjùmú wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Òmùò ni mo ń gbà, mo wọ Èkìtì, mo dé Ìbàdàn, mi ò rí Ọya lójú. Ó dákẹ́. Ìjọba ló fà wá sí Àríwá lórí ìwé, odò kọ́ ló pààlà.

TẹlọKánò (9:03 alẹ́)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Kánò tí ẹ ń sọ, mo wà níbẹ̀ báyìí. Ìkíni wọn ṣì dáa, ibi tí ẹ sọ nípa Haúsá náà jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ibí ju ti Jọ́ọ̀sì lọ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí a kì í rí ilé kejì, bàálù kì í lè balẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ márúwá tún wà nínú rẹ̀. Ọmọ alásímà ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ìyá Tóbi, ẹ má wá.

ÀgbàÌjùmú (9:15 alẹ́)

Òótọ́ lo sọ. Mo gbàgbé ọmọ náà.

AláṣọBùnú (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:44 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ. Mo kúrò ní Èkó padà sí Kàbà, ọdún kẹta rèé. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ atẹ́gùn.

Oṣù àkọ́kọ́ tí mo dé, mo ń lọ sọ́jà, mo ki nǹkan orin bọ etí. Mo kọjá lára ìyá àgbà kan, mi ò rí wọn. Kí n tó ra ata tán, ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé ìyàwó Èkó kò mọ èèyàn mọ́. Mo ní láti gbé obì àti mọ́ọ̀tì lọ kúnlẹ̀. Ní Èkó, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ilé kan, mi ò mọ orúkọ ẹni tó wà lókè mi.

Òkú sísin ńkọ́? Kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí kò sí. Owó ẹgbẹ́, owó aṣọ, owó ìdílé bàbá, owó ìdílé ìyá. Ẹni tí kò wá sí ìpàdé, wọ́n á ta á lówó ìtanràn. Lọ́dún àkọ́kọ́, owó tí mo fi sin òkú ju owó ilé mi lọ.

Ìyá Tóbi, ẹ ní ẹ lè gbé máṣíìnì yín dé ibikíbi. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí èmi náà rán aṣọ. Ní Jọ́ọ̀sì, oníbàárà ni oníbàárà. Ní Kàbà, ìbátan ni gbogbo oníbàárà, ìbátan kì í sanwó ìránṣọ. “Ìyá Tóbi wa, bá mi rán an, màá rí ọ.” Ẹ ò ní rí i. Èmi kọ iye owó sára ògiri gàdàgbà, mo sì ń gba ìdajì kí n tó gé aṣọ. Wọ́n pè mí ní ará Èkó, mo jẹ́ ẹ.

Àmọ́, kí n má ṣe aláìmoore. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mi ò gbé ìkòkò kaná. Àwọn obìnrin àdúgbò pín in láàárín ara wọn. Ìyá àgbà tí mi ò kí lọ́jọ́ náà, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n mú. Wọ́n á gbé ọbẹ̀ dé, wọ́n á wọlé láìkan ilẹ̀kùn, wọ́n á sì bú mi pé mo ti gbẹ.

Ọ̀dọ́Owé (8:10 àárọ̀)

Àǹtí, ẹ ti tú wa síta pátápátá. Ní ti igbó sísun, nọ́ọ̀sì, mo gbà. Mo kọ ọ́ bíi pé oṣù Kẹjọ nìkan ló wà nínú ọdún. Ṣùgbọ́n ti òkú sísin yẹn, ará Lọ́kọ́jà náà ń san án, ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa wà níbẹ̀!

Ọdún11NíLọ́kọ́jà (8:22 àárọ̀)

A ń san án. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ lè sọ pé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́.

ÌyáTóbi (ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kejì, 4:36 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú àdúrótì o. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí bàbá Tóbi. Ibi kóòtù ìgbéyàwó tó bu ni Pọtakọ́ọ̀tù kú sí. TẹlọKánò, ẹ ṣeun, ẹ ti gbà wá.

Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí! Ti búlúù nìkan la ń lò láti ọdún méjì. Dókítà ti fi èkejì kún un, ó sì fún wa ní ike náà. Tóbi ń pè é ní fèrè.

Lọ́kọ́jà la fẹnu kò sí. Ọkọ mi á máa gba owó oṣù rẹ̀. Kàbà kò ju nǹkan bíi 80 kìlómítà lọ sí ibẹ̀, tí ooru oṣù Kẹta bá ti fẹ́ yọ ẹ̀mí, èmi àti ọmọ á sá lọ bá màmá mi. Igbó á ti jó tán nígbà yẹn, òjò àkọ́kọ́ á ti máa fẹ́ dé. Ọkọ mi ní ojúmọ́ nìkan ni ká máa rin ọ̀nà náà, mo gbà. AláṣọBùnú, màá kọ iye owó sára ògiri ní Lọ́kọ́jà náà, kí n fi dánra wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ilé oníyàrá méjì ní Lókóńgómà: sílìn, fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì, nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé. Kí iwájú ilé lè gba máṣíìnì kan.

Ọdún11NíLọ́kọ́jà (6:51 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti rìn ín wò lọ́nà ibiṣẹ́. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ọ̀dọ̀ wa. Sílìn wà, ó ti jò nígun kan, onílé ní òun á tún un ṣe. Kànga wà, bọ́họ̀òlù kò sí. Yàrá kan kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀sán ibẹ̀ á le, ẹ má gbé ibùsùn Tóbi síbẹ̀. Ìyá àgbà kan, ọmọ Ígálà, ló ni ilé. Mo ní ìdílé kan ń bọ̀ láti Jọ́ọ̀sì, ìyàwó ń ránṣọ. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé búláòsì mẹ́ta jáde, wọ́n ní kí n bi yín pé ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń tú apá ṣe, torí wọ́n ti sanra.

ÌyáTóbi (6:55 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì gbé e fún ẹlòmíràn. Èló ni ilé náà?